Odò Kan Lẹ́nu Ẹni Púpọ̀

Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù jẹ́ ìlú mẹ́ta tí kò jìnnà sí ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Odò Ọ̀tìn kò ṣe àjèjì sí èyíkéyìí nínú wọn. Orúkọ odò náà ni ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìnísà àti Òkukù wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Bí a bá bi àwọn ará ìlú wọ̀nyí léèrè pé, "Kí ni Ọ̀tìn?", ìdáhùn wọn kò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń purọ́ nínú wọn. Oríṣìíríṣìí ọ̀nà ni Yorùbá ń gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni à ń pè ní ẹ̀yà lítíréṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé odò yìí, kí a lè dá wọn mọ̀.

Èkíní ni ìtàn ìwáṣẹ̀. Àwọn tí ń bọ Ọ̀tìn a máa sọ pé obìnrin ni, pé láti Ọ̀tan ni ó ti wá sí Ìnísà, pé ó bá wọn jagun kí ọ̀tá má baà kó ìlú, àti pé òun ni ó di odò. Iṣẹ́ irú ìtàn báyìí ni láti sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí: ìdí tí odò fi ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, àti ìdí tí a fi ń bọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ àti oṣù nínú rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìtàn ìwáṣẹ̀.

Èkejì ni ìtàn ohun tí ojú rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn wá gba Ìkìrun sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí ogun náà tú, púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ bọ́ sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Níhìn-ín ni ó ti tọ́ kí a bèèrè pé: Ọjọ́ wo ni? Ta ni ó rí i? Ta ni ó tún jẹ́rìí sí i?

Ẹ̀kẹta ni ewì, oríkì sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Oríkì kì í to ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìtàn. Ẹni tí a ń kì ni ó ń pè, bí ẹni pé onítọ̀hún dúró níwájú wa, ìbáà jẹ́ odò, ìbáà jẹ́ baba ńlá tí ó ti kú tipẹ́. Ó lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo dárúkọ ogun, gbèsè àti ẹwà, kí ó sì kọjá lọ. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé Òkukù fún bí ọdún mẹ́ta, ó ń kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà, nítorí àwọn ni ọ̀gá nínú rẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Lára ewì àwọn obìnrin ni rárà ìyàwó wà, èyí tí ọmọge máa ń sun kí ó tó lọ sí ilé ọkọ, tí kò sì wọ́pọ̀ mọ́ lóde òní.

Ẹ̀kẹrin ni ìtàn àròsọ. Bí Ìjàpá bá bá odò sọ̀rọ̀ nínú àlọ́, kò sí ọmọ tí yóò ní kí a mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn ni a ń wá níbẹ̀. Nínú ìwé, irú rẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1938.

Ẹ̀karùn-ún ni eré oníṣe, níbi tí àwọn ènìyàn inú ìtàn ti ń fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, kú ní 1874, ọdún mẹ́rin ṣáájú Jálumi. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi í ṣe eré, ìwé náà sì jáde ní 1970. Ẹfúnṣetán gbé ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni ó fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí eré náà bí ẹ̀rí nílé ẹjọ́ ti ṣi iwé lò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà. Ẹni tí ó ń bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ oríkì, tí kò sì rí i, a máa ní oríkì kò ní láárí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe kẹ́yìn sí ohun tí ìyá wọn mọ̀, títí ìyá fi kú tí ohùn sì bá a lọ. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, kí ẹ ní kí wọ́n ki orílẹ̀ yín fún yín. Ẹ gbọ́ ọ tán ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bèèrè ìtàn tí ó wà nídìí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.