Hakeem àti Clyde: Kí Ló Ń Jẹ́ Kí Ẹni Méjì Mọwọ́ Ara Wọn?

Lọ́sẹ̀ yìí, mo gbé ọ̀rọ̀ owó orí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní agbègbè wa níbí, láti Woolwich Dockyard títí dé Thamesmead, àwọn ọmọ wa tó ń gbá a ti pọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa òbí tó ń dúró létí pápá, ariwo lásán là ń pa. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé wa sọ fún mi pé òun fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ tó wà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ mi ló ń sáré, ọmọ ẹlòmíràn ló ń gba àtẹ́wọ́." Ọmọ kan tó ga fíofío ni wọ́n ń yìn, ọmọ tirẹ̀ ló sì ń fún un ní bọ́ọ̀lù. Mo ní kó ṣe sùúrù, kó jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọ Èkó kan fún un.

Ọmọ Èkó náà ni Hakeem Ọlájuwọ́n, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti tó bíi ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1980 ó dé Yunifásítì Houston ní Texas. (Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ọdún 1991 ló fi H sí i níwájú.) Ibẹ̀ ló ti pàdé Clyde Drexler, ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Houston níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, Hakeem ló máa fò lọ mú un. Clyde kì í dúró wò ó bóyá ọwọ́ Hakeem máa tó o. Bí ẹsẹ̀ Hakeem bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, Clyde ti mú eré, ó ti ń kọjá àárín pápá. Ẹ rò ó wò: bí Hakeem kò bá rí bọ́ọ̀lù náà mú ńkọ́? Clyde ti fi ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Owó tí kò tíì wọlé ló ń ná. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń yá lówó. Hakeem náà á sì ju bọ́ọ̀lù síbi tó mọ̀ pé Clyde máa dé, òun náà á tún sáré tẹ̀ lé e, bóyá tí ti Clyde kò bá wọlé. Ìgbọ́kànlé yẹn, láàárọ̀ lálẹ́ níbi ìdánrawò, òun ni Yorùbá ń pè ní kí ènìyàn méjì mọwọ́ ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún lọ dúró létí pápá, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo ọmọ tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń sún síbi tí ẹnìkejì rẹ̀ máa rí i? Ṣé ó ń fa ẹni tó ń ṣọ́ ọ kúrò lójú ọ̀nà? Iṣẹ́ tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi yẹn ń ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe oògùn ṣá o. Ní 1983, wọ́n dé àṣekágbá àwọn yunifásítì, North Carolina State sì fi 54 sí 52 nà wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà wọn yà. Clyde lọ sí Portland ní 1983, Houston Rockets mú Hakeem ní 1984. Níbẹ̀ wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ralph Sampson, òmìrán bíi tirẹ̀. Wọ́n jọ dé àṣekágbá 1986, Boston lù wọ́n. Ènìyàn dáadáa ni Sampson, àmọ́ abẹ́ àwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì ń fẹ́. Clyde náà pàdánù àṣekágbá ní 1990 àti 1992. Hakeem gba ife tirẹ̀ ní 1994.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1995, Houston fi Otis Thorpe ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n gba Clyde. Thorpe kì í ṣe ọmọdé o. Géńdé tó ń bá Hakeem jà lábẹ́ àwọ̀n ni, ó wà lára àwọn tó gba ife 1994. Nínú ìdíje 35 tó kù, wọ́n borí nínú 17, wọ́n pàdánù 18. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ká ní èmi ni wọ́n pè wá yẹ ìwé wò ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àdánù gbọnran ni ìwé máa fi hàn.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwa oníṣirò owó ń pè ní goodwill: orúkọ rere, oníbàárà tó mọ̀ ọ́, òṣìṣẹ́ tó mọwọ́ ara wọn. Òfin iṣẹ́ wa ni pé èyí tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kò gbọdọ̀ wọ ìwé. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ra ilé-iṣẹ́ náà ló tó máa ń hàn. Ọdún mẹ́ta tí Hakeem àti Clyde lò pọ̀ ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó díye lé e nígbà tí wọ́n ń bọwọ́.

Ó hàn nígbà tí ìdíje di bóo-le-yà-kóo-yà. Hakeem á kẹ̀yìn sí àwọ̀n, á mì síbí, á mì sọ́hùn-ún; ẹnìkan kò lè dá ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá rán ẹni méjì sí i, ẹnìkan ti ṣófo. Àwọn bíi Kenny Smith àti Mario Elie á dúró lókèèrè dè é. Clyde kì í dúró ní tirẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá yíjú wo Hakeem lẹ́ẹ̀kan péré, Clyde ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, bọ́ọ̀lù á sì bá a níbẹ̀. Utah, tó ti borí nígbà 60 lọ́dún yẹn, ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Nínú ìdíje kẹrin, Clyde jẹ póìǹtì 41, Hakeem 40. Wọ́n lé Utah lọ, wọ́n lé Phoenix, wọ́n lé San Antonio, wọ́n wá na Orlando ti Shaquille O'Neal ní mẹ́rin sí òdo. Nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, póìǹtì Hakeem ju ti Shaq lọ. Clyde, tó ti jẹ́ ọba ní Portland, gbà láti jẹ́ igbákejì, ó sì ń bá wọn kó bọ́ọ̀lù tó ta padà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Thorpe nìyẹn o! Títí di òní, kò tíì sí ẹgbẹ́ ipò kẹfà mìíràn tó gba ife náà.

Charles Barkley wá bá wọn ní 1996, ìràwọ̀ di mẹ́ta. Utah lé wọn dànù ní 1997 kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Nígbà tó di 1998, Clyde fẹ̀yìntì.