Àwọn wo ló ń gbé ọrọ̀ ajé ìlú ró? Láti Ewékorò dé Mowé

Ẹni tó bá gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbàfò, Mowé àti Redemption Camp lónìí yóò rí ilé, ilé ìjọsìn àti ilé epo tí wọ́n fara kanra. Nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí ọ̀nà náà ní 1978, oko àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti dé báyìí. Ta ló wá ń wá omi, iná, ọ̀nà àti iṣẹ́ fún wọn?

Torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá àjọ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé sílẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sì fi hàn pé irú èèyàn tó wà nídìí àjọ, àti ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún, ló ń pinnu bóyá ará ìlú yóò jàǹfààní rẹ̀.

Owó àgbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní 1949, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti mú iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ilé iṣẹ́ gbèrú ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tó di 1959, Western Nigeria Development Corporation ti gba ipò rẹ̀. Ìdí òṣùwọ̀n kòkó ni owó rẹ̀ ti ń wá. Àgbẹ̀ á ru kòkó gbígbẹ dé ibẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á mú hóró mélòó kan, á fi ọ̀bẹ là á, á wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́, kó tó sọ ipele tó wà. Iye tí ìjọba ti dá sílẹ̀ ni wọ́n máa ń san fún un. Bí kòkó náà bá pa owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lókè òkun, àjọ tó ń ra irè oko ló ń tọ́jú èlé náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bù fún ìdàgbàsókè. Nítorí náà, àgbẹ̀ kòkó ni olówó àkọ́kọ́ tó wà nídìí àjọ yìí, bí orúkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ sí lára pátákó kankan.

Àwọn tí orúkọ wọn hàn náà wà. Alfred Rewane, tó sún mọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ni alága àjọ náà. Gabriel Akin-Deko, mínísítà iṣẹ́ ọ̀gbìn, lọ wo bí wọ́n ṣe ń dá oko alájọṣe ní Ísírẹ́lì, ó sì wá dá àgọ́ oko sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé. Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ló ṣáájú òṣìṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Olóṣèlú ń wá ibi tí wọ́n fẹ́ dé, òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣírò ohun tí yóò ná wọn.

Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, fi hàn bí ìṣírò náà ṣe rí. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ojú irin kọjá ládùúgbò, Èkó tó ń kọ́lé lójoojúmọ́ sì wà nítòsí. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan mú ìmọ̀ ẹ̀rọ wá, ilé iṣẹ́ ìṣòwò UAC àti àjọ ìdàgbàsókè yìí sì bá a dá owó. Báyìí ni wọ́n ṣe dá West African Portland Cement sílẹ̀ ní 1959. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lọ òkúta ní Ewékorò.

Ṣùgbọ́n àléébù wà nínú bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G.B.A. Coker darí jábọ̀ pé owó àwọn àjọ ìjọba gba inú ilé iṣẹ́ National Investment and Properties Company, tí Rewane wà lára àwọn olùdarí rẹ̀, lọ sọ́wọ́ Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà gbà pé ìjà òṣèlú ló wà nídìí ìwádìí ọ̀hún. Èyí ó wù kó jẹ́, wọn kò bi àgbẹ̀ tó ni owó léèrè.

Ìjọ tó ń ṣe iṣẹ́ àjọ

Ní 1983, ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó di Redemption Camp lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Enoch Adéboyè, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó tẹ́lẹ̀, ti di olórí ìjọ náà láti 1981. Ní 2017, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ilé tó wà nínú Camp ti tó 5,000, àti pé ẹ̀rọ amúnáwá ibẹ̀ lágbára mẹ́gáwáàtì 25. Ìjọ ló ń fa omi, òun ló ń la ọ̀nà, òun ló ń kó ìdọ̀tí. Ẹnjiníà, ayàwòrán ilé àti oníṣirò owó ló wà lẹ́yìn gbogbo èyí.

Iṣẹ́ náà yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ìjọ ni, kì í ṣe ìjọba. Ibi tí ọgbà rẹ̀ parí sí ni ojúṣe rẹ̀ parí sí. Ẹni tó kọ́lé sí àdúgbò ẹlẹ́rẹ̀ ní Ìbàfò kò lè wí pé Camp jẹ òun ní gọ́tà.

Ta ló wà fún àwọn tó wà níta?

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ló ni Mowé àti Ìbàfò, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní OPIC, àjọ tó ń rí sí ilé àti ìdókòwò. Nígbà tí Babájídé Odùsolú darí rẹ̀ lábẹ́ gómìnà Amósùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlú tuntun kan, New Makun City, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í wọ ìròyìn: sọfiyọ̀ tó ń ri òpó kọnkéré kéékèèké onínọ́ńbà mọ́ igun ilẹ̀, àti akọ̀wé tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn kò ti ta ilẹ̀ kan náà fún ẹlòmíì. Ìjàǹbá ọmọ onílẹ̀ pọ̀ débi pé ìpínlẹ̀ náà ṣòfin lòdì sí ìfipágbalẹ̀ ní 2016. Bí ìwé ilẹ̀ kò bá dájú, kò sí oníṣòwò tí yóò fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Èkó ni ọ̀pọ̀ ará Mowé ti ń ṣiṣẹ́, Ògùn ni wọ́n ń sùn. Ìdí nìyí tí gómìnà Èkó àti ti Ògùn fi fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìdàgbàsókè alájọṣe ní 2021. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ tún dá àjọ tó wà fún gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù sílẹ̀. Bímbọ̀ Àṣírù, kọmíṣọ́nà ìṣòwò àti ilé iṣẹ́ ní Ògùn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe alága, Charles Akínọlá sì ni olùdarí.

Àwọn àjọ wọ̀nyí kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ṣe. Ohun tí ará Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ ní láti bi wọ́n ni èyí: ta ló ń ṣírò fún yín, ta ló ń yẹ ìwé owó yín wò, ta sì ni nínú wa tó jókòó níbi tí ẹ ti ń pinnu? Àgbẹ̀ kòkó sanwó ìdàgbàsókè láìrí àyè béèrè. Àwa tó ń san owó orí lónìí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ó sì yẹ ká béèrè kí wọ́n tó la ọ̀nà tó kàn.