Omi Kì í Pa Ásíìdì

Ásíìdì inú bátìrì mọ́tò ti kúrò ní ògidì. Sulfuric acid ni, tí wọ́n ti bomi là. Èyí tó ń ti ilé iṣẹ́ wá ki gan-an: nínú gíráàmù 100 rẹ̀, 98 ni ásíìdì, omi ni ìyókù. Ti bátìrì kò ju nǹkan bí 36 lọ. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta bátìrì tàbí tó ń tún un ṣe mọ ìṣirò tó wà láàárín méjèèjì, torí pé ojú àti ara wọn ló wà nínú ewu.

Móòlù ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ń ka irú nǹkan báyìí. Móòlù kan sulfuric acid wọn gíráàmù 98. Lítà kan èyí tó ki náà wọn gíráàmù 1,840, nítorí ó wúwo ju omi lọ dáadáa. Nínú 1,840 yìí, nǹkan bí 1,803 ni ásíìdì gan-an. Ẹ fi 98 pín in, ẹ ó rí móòlù 18.4. Iye móòlù tó wà nínú lítà kan la fi ń mọ bí ásíìdì ṣe ki tó. Ti bátìrì máa ń tó bíi 4.6.

Báwo ni 18.4 ṣe ń di 4.6? Omi tí a bù sí i kò mú móòlù kankan kúrò. Bí ṣúgà inú gààrí ni: ẹ bomi kún un, adùn rẹ̀ á dín, ṣùgbọ́n gbogbo ṣúgà tí ẹ dà síbẹ̀ ṣì wà nínú abọ́. Lítà kan ti bátìrì fẹ́ móòlù 4.6, ẹ fi 18.4 pín in, ìdá mẹ́rin lítà ló jáde, ìyẹn mílílítà 250. Omi ni yóò kún un títí yóò fi pé lítà kan.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú ike, kí ẹ tó máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ẹ má ṣe yí i padà láéláé. Ooru tó ń jáde pọ̀ débi pé omi tí ẹ bá dà lé ásíìdì lórí lè hó lójijì, kó sì ta ásíìdì sí yín lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi omi pé e.

Bí mílílítà 100 ti bátìrì bá dà sílẹ̀ ńkọ́? Móòlù 0.46 ló wà níbẹ̀. Béèsì ló ń pa á, baking soda sì dára fún un. Háídírójìn méjì ni sulfuric acid ní láti tú sílẹ̀, nítorí náà móòlù sódà méjì ló ń pa móòlù rẹ̀ kan. A ó nílò móòlù 0.92; bí móòlù kan ti jẹ́ gíráàmù 84, gíráàmù 77 ni yóò tó. Yóò máa hó. Bí ẹ bá bù sí i tí kò hó mọ́, ásíìdì ti tán. Àwọn kan ń lo kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, nítorí gíráàmù 37 péré ló máa gbà. Èmi kò fọwọ́ sí i rárá: èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ń bó ara bí ásíìdì gan-an, bẹ́ẹ̀ baking soda tó bá pọ̀ jù kì í ṣe èèyàn ní nǹkan.

Tó bá jẹ́ ara ló ta sí, ẹ má wá sódà kankan. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó lè gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ojú, ẹ la ìpéǹpéjú sílẹ̀ lábẹ́ omi náà, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.