Ọ̀bẹ Lè Dín Ikùn Kù, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Kó Ọkàn Níjàánu?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ará ń sọ ní kọ̀rọ̀, tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ara tó sanra jù ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ń ṣe láti dín in kù, àti ọ̀rọ̀ ọkàn tí kì í kúrò lórí oúnjẹ lọ́sàn-án àti lóru.

Àwọn baba wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn náà ló tún sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ọlọ́run ló dá oúnjẹ, ebi kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀fun yìí kan náà ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú ọjọ́ wọn. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyàwó bá sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, a ó ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá rù, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún dídùn, àti ìhanrun tí ń dá èémí ènìyàn dúró lójú oorun kò mọ̀ pé àmì ọlá ni ọ̀rá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ lágbàáyé ló sanra dé ìwọ̀n tí a ń pè ní àìsàn.

Ṣé Wọ̀bìà Ni Gbogbo Ẹni Tó Sanra?

Rárá o. Bíbélì kìlọ̀ fún wa nípa àjẹkì nínú Òwe 23:20-21, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ara ẹnìkejì, tó sì pè é ní wọ̀bìà, ó ti ṣe ìdájọ́ ohun tí kò mọ̀. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ ní New York rí họ́mọ̀nù kan tí wọ́n sọ ní leptin. Inú ọ̀rá ara ló ti ń jáde, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ tó wà nípamọ́ ti tó. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ará Japan rí òmíràn, ghrelin, tí ń jáde láti inú ikùn, tí ń sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Nígbà tí ènìyàn bá fi ìjẹun díẹ̀ rù, ghrelin máa ń pọ̀ sí i, ara á máa bá a jà kí ó lè padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rù fún oṣù mẹ́ta, tí ara á sì tún padà.

Àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa máa ń sọ pé, “Dádì, mo ti gbààwẹ̀, mo ti gbàdúrà, mo ti mu oríṣiríṣi tíì. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣé mi ò ní ìgbàgbọ́ ni?” Ìdáhùn wa ni pé oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìn Rere. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ wo Hesekáyà sàn, Aísáyà ní kí wọ́n fi ìdìpọ̀ èso ọ̀pọ̀tọ́ sí oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20:7). Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ohun tó yẹ ni pé kí a mọ ohun tí a ń lọ ṣe.

Ta Ni Iṣẹ́ Abẹ Yìí Tọ́ Sí?

Òdiwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò ni BMI. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ sì tún fi gíga náà pín èyí tó jáde. Arábìnrin tó ga ní mítà 1.65, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 120, BMI rẹ̀ jẹ́ 44. Ní 1991, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé iṣẹ́ abẹ tọ́ sí ẹni tí BMI rẹ̀ jẹ́ 40 sókè, tàbí 35 sókè bí àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ tún un yẹ̀ wò, wọ́n mú un wá sí 35 sókè, àti 30 sókè fún ẹni tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ìlànà ibẹ̀ gba dókítà láàyè láti fi 2.5 dín òdiwọ̀n náà kù fún àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí àìsàn wọ̀nyí máa ń tètè bá wa.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní Sweden, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 1987. Ní 2007 wọ́n ròyìn pé ikú dín kù láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é lọ.

Àwọn Ọ̀nà Tó Wà

Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Dókítà á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn kúrò, èyí tó kù á rí gọgọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé kúrò ni ghrelin ti ń jáde jù, nítorí náà ebi máa ń dín kù. Wọn kò fọwọ́ kan ìfun. Ṣùgbọ́n ohun tí a gé kò ṣeé dá padà, ó sì lè mú kí omi kíkan inú ikùn máa ru wá sí ọ̀fun, kí àyà máa ta ènìyàn.

Èkejì ni bypass, tí Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa, Amẹ́ríkà, ní 1966. Wọ́n á fi ikùn ṣe àpò kékeré kan tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, kí oúnjẹ lè fo ìyókù ikùn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju sleeve lọ fún onítọ̀ ṣúgà àti fún ẹni tí àyà ń ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é á máa lo fítámì, èròjà irin àti kálísíọ̀mù títí ayé rẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa lo oògùn ara-ríro bí ibuprofen, nítorí egbò inú. Bí ó bá sì jẹ ohun dídùn púpọ̀, àyà rẹ̀ lè máa lù kìkì, kí òógùn bò ó, kí inú sì máa ṣu ú.

Ẹ̀kẹta ni band, òrùka rọ́bà tí wọ́n ń fi yí òkè ikùn ká. Ó ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ti fi í sílẹ̀, nítorí ara kì í fi bẹ́ẹ̀ rù, àwọn púpọ̀ sì tún padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Abẹ́rẹ́ náà tún wà báyìí. Semaglutide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanrajù ní 2021, máa ń mú kí ebi àti ìyánhànhàn oúnjẹ rọlẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún náà, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù nǹkan bí kílò 15 nínú 100. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, èyí tó pọ̀ jù padà. Ìwé dókítà ni a fi ń rà á, ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó yàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà: mélòó lẹ ti ṣe irú rẹ̀? Bí ojú rírán bá ń jò, ta ni yóò tọ́jú mi? Oògùn wo ni n ó máa lò títí ayé, èló sì ni lóṣù? Ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́dọọdún? Ọ̀pọ̀ ń fò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Tọ́kì nítorí owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dé lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, oníṣẹ́ abẹ náà kò sí nítòsí. Ẹ̀yin ìyàwó tó ṣì ń retí ọmọ, ẹ mọ̀ pé oyún lè tètè dúró bí ara bá ti ń rù, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní kí ẹ dúró fún oṣù 12 sí 18 kí ẹ tó lóyún. Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò lórí èyí ṣáájú.

Ohun Tí Ọ̀bẹ Kò Dé

Ebi méjì ló wà. Ebi ikùn máa ń wá díẹ̀díẹ̀, ẹ̀bà tútù náà á tó o. Ebi ọkàn máa ń dé lójijì, pọfú-pọfú gbígbóná nìkan ló ń fẹ́, bí ikùn bá sì yó, kò ní dáwọ́ dúró. Ìtìjú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ka Númérì 11. Mánà wà nílẹ̀ fún Ísírẹ́lì, ebi kò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí ẹja Íjíbítì, wọ́n rántí apálá àti àlùbọ́sà, wọ́n sì sunkún. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní orúkọ tó túmọ̀ sí ibojì ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ abẹ lè mú ebi ikùn rọlẹ̀, ó sì lè fún ọkàn ní ìsinmi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mínírà àti áísìkiríìmù ń ṣàn kọjá nínú ikùn kékeré wẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí kò kọ́ ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ara lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí a ó wí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ti ṣe é, àti ẹni tí kò ní ṣe é láé.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀, àkókò rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹ ó rí i pé ìjà ilé, àárẹ̀ tàbí ìdánìkanwà ló máa ń ṣáájú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, kí ebi má baà kó yín lójijì lọ́sàn-án. Ẹ máa sùn dáadáa. Àìsùn ń fi kún ghrelin, ẹni tó ń ṣe ìṣọ́ òru lójoojúmọ́ ń fi ebi kún ebi. Ohun tí ẹ kò lè kọ̀, ẹ má ṣe rà á wọlé. Nígbà tí ìyánhànhàn bá dé, ẹ mu omi, ẹ rìn jáde, ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbàdúrà, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Bí ìgbì omi ló rí, ó ń ga, ó sì ń wálẹ̀. Ísọ̀ kò fún ara rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú, ó sì fi ogún ìbí rẹ̀ gba ọbẹ̀.

Ẹni tó bá ń jẹ ní ìkọ̀kọ̀ títí inú fi ń dùn ún, tàbí tó ń fipá bì, àìsàn ni ìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má ṣe lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ẹni tó nílò ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ Ààwẹ̀

Èyí ṣe pàtàkì fún àwa oníjọ. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn kò lè mu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́. Ààwẹ̀ aláìmu-omi lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin: ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ sọ fún pásítọ̀ yín, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹ lè fi tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù gbààwẹ̀, kí Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ̀yin tí ara yín le, ààwẹ̀ tí a fi òkè iyán ṣínú ní aago méjì òru kò kọ́ ọkàn ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi ara ìyàwó yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀yin aya, ẹ má ṣe fi oúnjẹ ọkọ tó ń gbìyànjú dán an wò. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí omi àti èso wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínírà ní ibi ìpàdé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gbé ọbẹ̀ omi tòròtòrò lọ fún un, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri.

Tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa (1 Kọ́ríńtì 6:19). Ìkóra-ẹni-níjàánu jẹ́ èso Ẹ̀mí (Gálátíà 5:23), èso kì í sì í pọ́n lọ́jọ́ kan. Ẹ gba àdúrà yìí pẹ̀lú wa: Baba, fún wa ní ọgbọ́n láti yan ìtọ́jú tó tọ́, tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà wa, kọ́ ọkàn wa láti mọ ìgbà tó ti tó, kí o sì mú ìtìjú kúrò lórí àwọn ọmọ rẹ, ní orúkọ Jésù. Àmín.