Bíréèkì Tírélà Oníná: Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Ra Àpótí Tuntun

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò kan àwọn tírélà ńlá tí ń kó kòkó àti sìmẹ́ńtì, nítorí afẹ́fẹ́ ni bíréèkì tiwọn ń lò. Tírélà kékeré tí píkọ́ọ̀pù ń fà, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ni à ń wí. Iná bátìrì ni bíréèkì púpọ̀ nínú wọn ń lò. Òòfà wà nídìí táyà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àpótí kékeré abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù a fi iná ránṣẹ́ sí òòfà náà, bíréèkì a sì mú.

Bí iná kò bá débẹ̀, ẹrù ni yóò máa ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀pọ̀ a sáré lọ ra àpótí tuntun, owó a lọ, bíréèkì kò sì ní mú síbẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹ wá tẹ̀ lé e báyìí:

Èkínní, ẹ wo wáyà mẹ́rin ìdí àpótí. Dúdú sábà máa ń wá láti bátìrì, funfun ni ẹ́ẹ̀tì, pupa wá láti súwíìsì bíréèkì, búlúù ló ń lọ sí tírélà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan, réwáyà àná lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Dúdú gbọ́dọ̀ ní fóòtì 12 nígbà gbogbo. Pupa, bí a bá tẹ bíréèkì. Bí pupa kò bá ní, súwíìsì tàbí fíúsì ni kí ẹ wò.

Èkejì, ẹ fi gílóòbù kan wo wáyà búlúù ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹnìkan máa fi ọwọ́ ti ọ̀pá àpótí díẹ̀díẹ̀. Bí gílóòbù bá ń mọ́lẹ̀ sí i, àpótí dára, tírélà ló ní àrùn. Bí iná bá wà nídìí àpótí tí kò dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà ti já lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, ẹ so sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ padà, kí ẹ fa wáyà kan láti ẹnu ẹ́ẹ̀tì bátìrì lọ sára irin tírélà. Bí bíréèkì bá mú, ẹ́ẹ̀tì ló dípẹtà. Ẹ ha á, kí ẹ dè é le.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tú wáyà òòfà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Ti bíréèkì ínǹṣì 10 tàbí 12 sábà máa ń fi bí ohm 3 hàn. Bí mítà kò bá sọ nǹkan kan, ó ti já nínú. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, wáyà inú rẹ̀ ti bó, wọ́n ń kan ara wọn.

Bí fíúsì bá ń jó lemọ́lemọ́, ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ o! Iná lè sọ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọjà yín. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ dán an wò jẹ́jẹ́ ní gbangba kí ẹ tó di ẹrù. Owó àpótí tí ẹ kò rà, ọjà ni kí ẹ fi kún.