Borí: kí ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e?

borí, ọ̀rọ̀-ìṣe (bò + orí).
1. Kí ènìyàn fi aṣọ, fìlà tàbí gèlè bo orí: Ó fi gèlè borí.
2. Kí ẹni tàbí nǹkan ní agbára ju òmíràn lọ. Ṣẹ́gun: Ó borí ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n borí ìṣòro náà.

Àlàyé ìlò

Àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ nínú ìtumọ̀ kejì. Ohun tí ó bá tẹ̀lé borí ni ẹni tàbí ohun tí a ṣẹ́gun. Bí a bá kọ ọ́ pé ẹṣin kan “borí eré ìje”, a ti sọ eré ìje fúnra rẹ̀ di alátakò. Ó sàn kí a kọ ọ́ pé ó borí nínú eré ìje, tàbí pé ó borí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Gbégbá orókè yàtọ̀. Ipò nìkan ni ó ń sọ, èyíinì ni pé ẹnì kan ṣe ipò kìn-ín-ní. Borí ń sọ ohun tí a dojú kọ.

Ìtàn ẹṣin kan lè mú kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Manifesto ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1888, nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Eré ìje tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni Grand National, tí wọ́n ń sá ní Aintree, lẹ́bàá ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ju máìlì mẹ́rin lọ, àwọn ẹṣin a sì máa fo ìdènà bí 30 kí wọ́n tó dé òpin.

Eré yìí ní òfin kan: a kì í jẹ́ kí gbogbo ẹṣin gbé ẹrù kan náà. Èyí tí ó bá dára jù ni a ń di ẹrù tí ó wúwo jù lé, kí àwọn tí kò lágbára tó o lè rí àyè bá a du ipò. Bí agẹṣin àti gàárì rẹ̀ kò bá tó ìwọ̀n tí a pa láṣẹ, wọn a fi òjé kún un. Èrè ẹṣin tí ó bá borí lónìí ni ẹrù wíwúwo lọ́la.

Ní 1895, Manifesto ṣe ipò kẹrin. Ní 1896, ó ṣubú ní ìdènà àkọ́kọ́. Ní 1897, ó gbégbá orókè pẹ̀lú ẹrù pọ́ùn 157. Nígbà tí eré ti 1898 ń bọ̀, ọmọ ilé-ẹṣin kan fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì; ẹṣin náà jáde, ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, kò sì lè kópa. Ní 1899, wọ́n di pọ́ùn 175 lé e, ó sì tún gbégbá orókè. Títí di òní, kò sí ẹṣin tí ó gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú eré yìí.

Ní 1900, ẹrù rẹ̀ di pọ́ùn 181. Ambush II, ẹṣin Edward, àrẹ̀mọ Ọbabìnrin, ni ó gbégbá orókè. Pọ́ùn 157 ni tirẹ̀. Barsac, tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àwọn méjèèjì lọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Manifesto nígbà tí òpin kù díẹ̀. Ipò kẹta ni ó bọ́ sí. Ó tún ṣe ipò kẹta ní 1902 àti ní 1903, nígbà tí ó ti di ọmọ ọdún 15. Ní 1904, tí ó sáré kẹ́yìn níbẹ̀, ó ṣe ipò kẹjọ. Ìgbà mẹ́jọ ni ó sá eré náà. Ẹṣin kankan kò tíì jù ú lọ.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 1900, ẹṣin méjì ni ó wà níwájú Manifesto, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó gbé irú ẹrù rẹ̀. Bí a bá wo ipò nìkan, a kò lè sọ pé ó gbégbá orókè lọ́dún náà; irọ́ ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n èdè wa fún wa ní gbólóhùn tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti fi àbọ̀ tí ó tọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ:
Ambush II gbégbá orókè ní 1900.
Ambush II borí Manifesto nínú eré ìje ti 1900.
Manifesto borí ẹrù rẹ̀.

Tún wo: gbégbá orókè, jáwé olúborí, ṣẹ́gun.