Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìyàtọ̀ láàrin Ẹ̀rọ Àtijọ́ àti Ẹ̀rọ Òde Òní

Kì í ṣe bíbàjẹ́ nìkan ni ó ń sọ ẹ̀rọ di ti àtijọ́. Àpẹẹrẹ kan ni Redifúṣọ̀n, àpótí asọ̀rọ̀ tí a ń gbé kọ́ ògiri, tí ó dé Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ ilé ẹni tí ó bá ń sanwó oṣooṣù. Olùgbọ́ kò lè yan ibùdó mìíràn. Nígbà tí rédíò oníbátìrì tí kò nílò wáyà gbòde, Redifúṣọ̀n kógbá sílé. Bí àpótí kan bá ṣì pé pérépéré ní agboolé kan ní Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ lónìí, kò lè fọhùn mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i.

Orúkọ náà, "asọ̀rọ̀mágbèsì", bá a mu régí: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti gbilẹ̀ lẹ́yìn 2001, ẹni tí ó wà ní Màpó lè pe ilé-iṣẹ́ rédíò, kí ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ yí padà, orúkọ kò yí. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí ó bá a mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé irọ́ ni orúkọ náà ń pa.